Bí A Kò Bá Kó Ojú Oró, Odò Kò Lè Mọ́

Ìbà Olódùmarè. Ìbà Ọ̀rúnmìlà. Ìbà Ọ̀sanyìn tí ó ni ewé, ìbà Ọ̀ṣun tí ó ni omi. Ìbà ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti wà níbẹ̀ kí àwa tó dé. Kí ìbà mi ṣẹ, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú, àwọn tí yóò sì bá wí jù lọ ni àwa tí a ń pe ara wa ní ọmọ Ìṣẹ̀ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà dá lórí ewé orí omi. Láti ìgbà tí àwọn odò àárín ìlú wa ti ń bò mọ́lẹ̀, tí omi tí a ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti di ohun tó ṣú tó sì ń rùn, ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ènìyàn pín sí. Àwọn kìíní ní ewé orí omi ni ọ̀tá, kí á fi oògùn apakoríko wọ́n ọn kí ó kú. Àwọn kejì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ará ilé wa, ní odò kì í dọ̀tí, pé òrìṣà tí ó ni omi yóò wẹ omi rẹ̀ mọ́ fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kàn án. Àwọn kẹta jẹ́ ọ̀dọ́ tí wọ́n kàwé. Wọ́n ti gbọ́ pé ewé omi a máa fa ìdọ̀tí mu, wọ́n sì ní kí á ṣáà kó ewé dà sínú gbogbo odò, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Èmi lòdì sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé ewé omi ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ láìsinmi. Àwa ènìyàn ni a kò ṣe tiwa. Iṣẹ́ tiwa ni kí á kó ewé náà kúrò lórí omi nígbà tí ó bá ti mu yó.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí ń ṣe odò. Ìdọ̀tí tí ojú ń rí, bí ọ̀rá àti ike, kọ́ ni mo ń sọ. Oúnjẹ ni ó ń pa odò. Nǹkan méjì tí àgbẹ̀ ń rà nínú àpò ajílẹ̀, náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ̀ọ̀sì, náà ni ó ń ṣàn wọ inú omi lójoojúmọ́. Òjò ń fọ̀ wọ́n kúrò lóko tí a da ajílẹ̀ sí. Ìgbẹ́ adìẹ ń gbé wọn wá láti ibi ọ̀sìn. Odò ẹran tí a kọ́ sí etí omi ń da ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù sí i. Ṣaláńgá tó ń jo ń gbé wọn gba abẹ́ ilẹ̀ wá. Omi ọṣẹ tí a fi fọ aṣọ náà ń mú tirẹ̀ wá, nítorí pé àwọn ọṣẹ oníyẹ̀fùn kan ní fọ́sífọ́rọ̀ọ̀sì nínú. Díẹ̀ nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí kò burú. Láìsí wọn, kò sí ohun abẹ̀mí tí yóò gbé inú omi. Ṣùgbọ́n àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Bí oúnjẹ bá ti pọ̀ jù nínú omi tí kò yára ṣàn, àwọn ewé kéékèèké tí ojú kò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i, títí omi yóò fi ṣú bí ọbẹ̀ ewédú. Wọn kì í pẹ́ láyé. Nígbà tí wọ́n bá kú, wọn a rì, wọn a sì jẹrà, àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ń mú nǹkan jẹrà yóò sì máa lo afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí sínú. Alẹ́ ni èyí máa ń le jù, nítorí pé kò sí oòrùn tí yóò mú kí ewé tún afẹ́fẹ́ pèsè. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó ń gbé létí irú omi bẹ́ẹ̀ fi máa ń rí ẹja ní ìdájí tí wọ́n kó ara wọn jọ sí òkè omi, tí wọ́n ń yanu. A ó ní àjẹ́ ni, tàbí pé ẹnìkan da gàmálíìnì sí odò. Òótọ́ ni pé àwọn aṣebi kan ń da oògùn sódò láti fi pẹja, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbọ̀nsẹ̀ wa ni ó pa ẹja náà.

Nígbà náà ni ojú oró wọ inú ọ̀rọ̀. Gbogbo ọmọ Ìṣẹ̀ṣe ló mọ̀ ọ́n. Nígbà tí a bá ń súre fún ọmọ, a máa ń ní kí ó lékè gẹ́gẹ́ bí ojú oró àti òṣíbàtà ti ń lékè omi. Àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil kò gbàgbé ewé méjèèjì yìí. Nínú Candomblé títí di òní, a ṣì ń fi orúkọ Yorùbá pè wọ́n nínú ewé omi tí a fi ń sin òrìṣà. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ti wo ìdí tí wọ́n fi lékè? Òṣíbàtà ta gbòǹgbò sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, ó na ọrùn gígùn wá sókè, ó sì tẹ́ ewé rẹ̀ sójú omi. Ojú oró kò fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ rárá. Ó léfòó, gbòǹgbò rẹ̀ sì rọ̀ sínú omi bí irùngbọ̀n. Irùngbọ̀n yẹn ni ẹnu rẹ̀. Inú omi gan-an ni ó ti ń fa náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ̀ọ̀sì mu, ó sì ń fi wọ́n kọ́ ara. Ewé rẹ̀ ń ṣíji bo omi, kò sì jẹ́ kí oòrùn kan àwọn ewé kéékèèké tí ń sọ omi di ọbẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ ń dá ẹrẹ̀ tó ń fò kiri dúró. Nítorí náà, bí ẹ bá rí odò tí ojú oró bò ṣíṣú, ohun tí ó ń sọ fún yín ni pé oúnjẹ ti pọ̀ jù níbí, òun sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn apakoríko ń ṣe. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ oògùn kọ́ èjìká, wọ́n á wọ́n ọn sórí omi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ewé náà yóò pọ́n, yóò rọ, yóò sì rì. Àwọn ará ìlú á pàtẹ́wọ́ pé odò ti là. Odò kò là. Gbogbo ohun tí ewé náà ti fa mu láti oṣù mélòó sẹ́yìn ni ó tún pọ̀ sínú omi bí ó ti ń jẹrà, afẹ́fẹ́ inú omi á tán, ẹja á sì kú. Kí òjò tó ń bọ̀ tó dá, ewé mìíràn ti bò ó, nítorí pé oúnjẹ wọn ṣì wà níbẹ̀ láìdín. Wọ́n pa ẹni tí ó wá jẹ́ iṣẹ́, wọ́n sì fi ẹni tí ó rán an sílẹ̀. Wọ́n tún wá fi májèlé lé e fún àwọn tí ń pọnmi nísàlẹ̀ odò.

Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo ewé orí omi ni tiwa. Èyí tí ó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò, tí àwọn òyìnbó ń pè ní water hyacinth, àjòjì ni. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Ọdún 1984 ni a kọ́kọ́ kíyè sí i ní Nàìjíríà, ní ọ̀sà Àgbádárìgì, láti ìhà orílẹ̀-èdè Benin, kò sì pẹ́ tí ó fi gba ọ̀sà Èkó àti omi àwọn Ìlàjẹ, tí ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi, tí ó ń fa àwọ̀n ya. Ní Ìbàdàn, a ti rí i bí ó ṣe bo adágún Ẹlẹ́yẹlẹ̀, èyí tí a ti dá láti ọdún 1942 kí ìlú lè rí omi mu. Ibi tí ayé bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ méjì tó fún un láti di ìlọ́po méjì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbé e láti odò kan lọ sí òmíràn ní orúkọ ìwẹ̀nùmọ́, ọ̀tá ìlú ni. Ṣùgbọ́n níbi tí ó bá ti wà tẹ́lẹ̀, kíkó náà ni oògùn rẹ̀. Bí a bá sì wo inú adágún Ẹlẹ́yẹlẹ̀, ẹ̀bi kì í ṣe ti àjòjì nìkan. Àwa ni a ń bọ́ ọ.

Ní ọdún 1970 sí 1979, àwọn onímọ̀ NASA, àjọ tí ń rán ènìyàn lọ sí òfuurufú, dán ewé yìí kan náà wò ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà. Ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Wolverton ni ó ṣáájú wọn. Inú adágún omi ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n fi í sí, ó sì wẹ omi náà mọ́ dé ibi tí ó yà wọ́n lẹ́nu. Àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn láti máa sọ apá yìí. Apá tí wọn kì í sọ ni pé ewé náà kò gbé ibẹ̀ títí ó fi jẹrà. Wọ́n ń kó o kúrò, wọ́n sì ń wádìí bí a ṣe lè fi ṣe gáàsì ìdáná. Nínú kíkó yẹn ni gbogbo àṣírí wà. Ewé tí a kò kó dà bí agbowó-orí tí ó gba owó ìlú tán, tí ó sì kú sójú ọ̀nà pẹ̀lú àpò rẹ̀; ẹni tó bá kọjá ni yóò kó owó náà padà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní kí á ṣáà gbin ewé, ẹ jẹ́ kí á jọ ṣe ìṣirò. Nínú tọ́ọ̀nù kan ewé omi tútù, ohun tí ó ju ìdá mẹ́sàn-án lọ nínú mẹ́wàá jẹ́ omi lásán. Bí a bá sá a gbẹ, yóò ku bí àádọ́ta kìlógíráàmù tàbí díẹ̀ lé. Náítírójìn tó wà nínú ìyẹn kò ju kìlógíráàmù kan sí méjì lọ. Ènìyàn kan ṣoṣo ń tọ̀, ó sì ń yàgbẹ́ bí kìlógíráàmù mẹ́ta náítírójìn jáde láàárín ọdún kan. Ìyẹn ni pé bí ìgbọ̀nsẹ̀ ẹnìkan bá ń lọ tààrà sínú odò, a ó kó tọ́ọ̀nù méjì tàbí mẹ́ta ewé lọ́dún kí á tó lè san gbèsè ẹni yẹn nìkan. Ẹ wá fi àdúgbò tí ó ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn ṣe é. Ewé kò lè ru ẹrù tí ìlú kọ̀ láti rù. Ṣaláńgá ni kí á kọ́kọ́ tún ṣe, odò ẹran ni kí á gbé kúrò létí omi, igbó etí odò ni kí á dá padà kí ó lè gba ajílẹ̀ lọ́nà. Lẹ́yìn èyí ni ewé yóò lè bá wa jẹ ìyókù.

Mo yí sí ará ilé mi báyìí, nítorí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ r'òde. Ní ìpàdé kan tí mo ti mú ọ̀rọ̀ yìí wá, bàbá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi dáhùn pé, "Ọmọ mi, omi kò lọ́tàá. Ọ̀ṣun kì í dọ̀tí. Ìwọ ha fẹ́ wẹ ìyá tí ó wẹ̀ ọ́?" Gbogbo ilé pariwo àṣẹ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá níjọ́ náà, mo sì tún dọ̀bálẹ̀ fún wọn lónìí, ṣùgbọ́n èmi kò lè gbà bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé Ọ̀ṣun kì í dọ̀tí. Omi tí a wá bá a nídìí rẹ̀ ni ó dọ̀tí, àwa ni a sì dà á bẹ́ẹ̀. Bí ẹnìkan bá yàgbẹ́ sí ẹnu ọ̀nà ojúbọ, ṣé a ó jókòó pé òrìṣà yóò gbá a fúnra rẹ̀? Omi kò lọ́tàá lóòótọ́. Àwa ni a sọ ara wa di ọ̀tá omi.

Ẹ wo Òṣogbo. Igbó Ọ̀ṣun tí àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ogún àgbáyé ní ọdún 2005, tí ó fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, kò wà títí di òní nítorí pé a fi í sílẹ̀ fún òrìṣà nìkan. Èèwọ̀ ni ó pa á mọ́: a kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ ṣọdẹ, a kò gbọdọ̀ gé igi. Ènìyàn ni ó ṣe òfin yẹn, ènìyàn ni ó ń ṣọ́ ọ, Àdùnní Olórìṣà àti àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ sì jìyà nítorí rẹ̀. Ìtọ́jú ni ìsìn. Ní ọdún 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ń lọ lọ́wọ́, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí àwọn ènìyàn má ṣe mu omi odò náà mọ́. Ẹ tún un kà: omi tí àwọn ìyá wa ń bù fún àgàn, tí wọ́n ń bù fún ọmọ tuntun, ni a ní kí á má mu. Bí ọ̀rọ̀ yìí kò bá lè lé wa dìde, kí ni yóò lé wa?

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣi ọ̀rọ̀ mi lóye. Ohun tí ó sọ odò Ọ̀ṣun di pupa, iṣẹ́ àwọn awakùsà wúrà lápá Iléṣà ni, ojú oró kò sì lè gbọ́ ẹrẹ̀ yẹn tán. Ìjọba àti ọba ilẹ̀ ni kí á kojú lórí ìyẹn, láìbẹ̀rù. Ewé omi a máa fa mẹ́kúrì àti òjé mu pẹ̀lú, èyí sì ni ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ mọ irú odò tí a ti kó o. Ewé tí a kó nísàlẹ̀ ibi ìwakùsà, tàbí nísàlẹ̀ àgbàlá àwọn mẹkáníìkì àti oníbátìrì, kò gbọdọ̀ di oúnjẹ ẹran, kò gbọdọ̀ di ajílẹ̀ ọgbà ẹ̀fọ́, kò sì gbọdọ̀ di àgbo. Ẹni tí ó bá ń já òṣíbàtà tà fún wa láti irú ibẹ̀, májèlé ni ó ń tà.

Àwọn kan yóò ní, "Ewé Ọ̀ṣun ni. Èèwọ̀ ni kíkó." Láti ìgbà wo? Láti ìgbà wo ni olóṣun kò ti já ojú oró? Kò sí ewé, kò sí òrìṣà. Bí a kò bá já ewé, pẹ̀lú kí ni a ó fi gún, pẹ̀lú kí ni a ó fi wẹ̀? Ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ ni jíjá láìjúbà, jíjá láìnídìí, àti jíjá tán. Nínú igbó mímọ́ fúnra rẹ̀, Àwòrò àti Ìyá Ọ̀ṣun ni wọ́n ní àṣẹ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ láìgbàṣẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ìsàn kéékèèké tó ń gba àárín ilé wa kọjá ni mo ń sọ, àwọn tí ó ń ṣàn lọ bá odò ńlá. Láti Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ń bọ̀. Ó gba Òṣogbo kọjá, ó dé Àsẹ́jìrẹ́ tí Ìbàdàn ti ń rí omi mu, ó sì wọ ọ̀sà Lẹ́kkí. Ìsàn tí a bá bàjẹ́ nílé wa, ẹnìkan ni yóò bu ú mu níwájú.

Ọ̀rọ̀ ẹbọ náà wà níbẹ̀, mi ò ní fò ó. A ń gbé ẹbọ lọ sódò nínú ọ̀rá dúdú, a ó sì ju ọ̀rá pẹ̀lú ẹbọ. Ta ni ó kọ́ wa? Igbá àti ewé ni àwọn baba wa fi ń gbé e. Òrìṣà kò gba ọ̀rá. Àwọn tí ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ kò ní láti wá ẹ̀sùn jìnnà bí wọ́n bá dúró létí odò lọ́jọ́ kejì ọdún.

Kí ni kí á ṣe, nígbà náà? Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú ìsàn kan tí ó wà nítòsí ilé ìpàdé rẹ̀. Kí wọ́n rìn ín láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì kọ gbogbo ibi tí ṣaláńgá, odò ẹran tàbí ibi ọ̀sìn ti ń da nǹkan sí i, kí wọ́n mú ìwé náà tọ baálẹ̀ àti káńsù lọ. Kí wọ́n má ṣe gbé ewé kankan wá láti ibòmíràn. Ojú oró àti òṣíbàtà tí ó bá hù níbẹ̀ fúnra rẹ̀ ti tó. Ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ewé bá ń yára bí sí i, kí wọ́n júbà Ọ̀sanyìn àti òrìṣà odò náà, kí wọ́n wọ bàtà rọ́bà, kí wọ́n sì fi ràkì kó ìdajì ewé náà, kí wọ́n fi ìdajì sílẹ̀ kí ó lè tún hù. Kí wọ́n má ṣe kó o jọ sí etí omi, nítorí pé òjò kan ṣoṣo yóò dá gbogbo rẹ̀ padà. Kí wọ́n gbé e jìnnà, kí ó rọ, kí wọ́n pò ó mọ́ koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ ewúrẹ́, kí ó jẹrà di ajílẹ̀, bí omi ìsàn náà bá ti jẹ́ èyí tí kò ní májèlé. Àgbẹ̀ tí ajílẹ̀ rẹ̀ ṣàn lọ yóò tún rí i gbà padà láìsanwó. Ohun tí ilẹ̀ sọnù sínú omi yóò padà sí ilẹ̀.

Iṣẹ́ ẹlẹ́rẹ̀ ni. Kò ní ìlù, kò ní aṣọ ẹgbẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní ya fọ́tò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá lè ra aṣọ funfun fún ogúnjọ́ oṣù kẹjọ lọ́dọọdún, tí a sì lè gbé òpó kí ayé lè mọ̀ pé Ìṣẹ̀ṣe kò kú, ó yẹ kí á lè gbé ràkì. Àwọn tí wọ́n ń sọ pé ẹ̀sìn wa jẹ́ ti òkùnkùn kò ní gbà wá gbọ́ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí wọ́n bá rí i pé ìsàn tí ó gba ẹ̀yìn ilé àwọn olórìṣà kọjá ni ẹja ṣì wà nínú rẹ̀, tí ọmọdé sì lè wẹ̀ níbẹ̀ láìní èékú, wọn yóò dákẹ́.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tí ó bá da ìgbẹ́ síwájú ńkọ́? Ojú oró ti ń gba tiwa mu fún ìgbà pípẹ́. Ó ti yó. Ẹ jẹ́ kí á lọ sọ ọ́ kalẹ̀.

Ire o. Àṣẹ.